Asọ̀rọ̀mágbèsì àti Ọ̀rẹ́ Tí Ń Fèsì: Ẹ̀kọ́ Lórí Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ Àwọn Àgbà Ọkùnrin

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ilé wa. Ẹni tí ó bá kọjá ní Ìjìgbò tàbí ní àyíká Ọjà Ọba ní Adó-Èkìtì nígbà tí oòrùn bá rọ̀ yóò rí wọn: àwọn ọkùnrin tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 45 sí 60, mẹ́ta níhìn-ín, mẹ́rin lọ́hùn-ún, ní iwájú ìsọ̀ onígbàjámọ̀, ní ìdí ọpọ́n ayò, tàbí ní ibi tí a gbé ń ta ìwé ìròyìn, níbi tí ogún ènìyàn ti ń ka èyí tí ẹnì kan ṣoṣo rà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Ìyìn, ní Ìgèdè àti ní Ìfàkì. Wọn a bẹ̀rẹ̀ lórí owó epo bẹntiróòlù, wọn a bọ́ sórí orin, wọn a dé orí ọmọ ẹni tí ó ti lọ sí Ìlú Ọba, wọn a sì tún padà sí Àbújá. Bí ilẹ̀ bá ṣú, olúkúlùkù a gba ilé rẹ̀ lọ.

Àwọn ìyàwó wọn a máa bi wọ́n pé, "Ṣé ẹ ti tún ìlú ṣe tán?" Àwọn ọmọ wọn a máa rẹ́rìn-ín. Àwa pàápàá ti gbọ́ láti ẹnu àwọn ènìyàn pàtàkì nínú ìjọ pé ìmẹ́lẹ́ ni. A kò fara mọ́ ọn. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ bá wa yẹ̀ wò ni èyí, pé ọ̀rọ̀ ìlú, ọ̀rọ̀ orin àti eré, àti ọ̀rọ̀ ilé, ọ̀rọ̀ kan náà ni ní ẹnu àwọn ọkùnrin wọ̀nyí. Méjì àkọ́kọ́ ni ẹnu ọ̀nà, ẹ̀kẹta ni inú yàrá. Ewu tí ó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ọkùnrin a máa jókòó sí ẹnu ọ̀nà fún ogún ọdún, láìsí ẹnì kan tí ó wí fún un pé kí ó wọlé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn. Nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, ọgọ́fà owó ẹyọ ni a ń ta ẹ̀dà kan. Àwọn tí ó mọ̀wé kò pọ̀ ní ìgbà náà, nítorí náà ìwé tí ẹnì kan ń kà sókè fún ẹlòmíràn láti gbọ́ ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìròyìn ti jẹ́ ohun tí a jókòó yí ká. Láàárín ọdún 1929 sí 1930, I. B. Thomas, olóòtú Akéde Èkó, ń tẹ àwọn lẹ́tà kan jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀ bí ẹni pé obìnrin Èkó kan tí ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá ni ó ń kọ wọ́n lórí ibùsùn àìsàn, tí ó ń ka gbogbo ìwà àgbèrè rẹ̀ sílẹ̀. Thomas fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé alààyè obìnrin ni, wọ́n sì ń kọ̀wé sí olóòtú nítorí rẹ̀. Kí ni ẹ rò pé àwọn baálé ilé ń bá ara wọn sọ nígbà tí wọ́n bá ka ti ọ̀sẹ̀ kan tán? A kò rò pé Sẹ̀gilọlá nìkan ni. Baba tí kò lè wí fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Ọkàn mi kò balẹ̀ lórí ọmọbìnrin mi," lè wí láìtijú pé, "Ṣé o rí ohun tí obìnrin yìí kọ ní ọ̀sẹ̀ yìí?"

Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀rọ dé. Ní ọdún 1935 ni a bẹ̀rẹ̀ sí fa wáyà wọ inú ilé àwọn ará Èkó kí àpótí orí ògiri lè máa bá wọn sọ̀rọ̀. Ìbàdàn gba tirẹ̀ ní ọdún 1939. Àwọn baba wa wo àpótí náà, tí ń sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ tí kì í sì í gbọ́ ohun tí a wí fún un, wọ́n sì sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Orúkọ yìí jinlẹ̀ ju bí a ti ń pè é lọ. Nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, wọ́n yin ohun titun náà, wọ́n sì sọ àbùkù rẹ̀. Ó lè wí fún ọ pé ogun dé, kò lè bi ọ́ bóyá ọmọ rẹ wà nínú rẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n fi ń gbé ohun tí wọ́n gbọ́ nínú ilé jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ẹnì kan lè fèsì sí i. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní oṣù kẹwàá ọdún 1959, bákan náà ni. Fóònù tí ó wà ní ọwọ́ wa lónìí ṣeé fèsì sí, ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ti ń lò ó. Àwọn tí ó jọ jáde ní ilé-ìwé kan náà kó ara wọn jọ lórí WhatsApp; ẹnì kan fi àdúrà ránṣẹ́, ẹnì kejì fi àwòrán eré bọ́ọ̀lù ránṣẹ́, ẹnì kẹta kọ ọ́ pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ òun. Ènìyàn mẹ́rìndínlógún fi àmì ọwọ́ àdúrà sí i. Kò sí ẹnì kan tí ó pè é.

Ní ti orin àti eré, àwọn ọkùnrin tí a ń sọ̀rọ̀ wọn yìí ní ọrọ̀ púpọ̀ nínú àpò. Ọmọdé ni ọ̀pọ̀ nínú wọn nígbà tí Hubert Ògúndé gbé fíìmù Ayé jáde ní ọdún 1979. Wọ́n dàgbà sínú àríyànjiyàn pé ta ni ó ju ẹnì kejì lọ, Ebenezer Obey tàbí Sunny Adé, Síkírù Àyìndé Barrister tàbí Kollington Àyìnlá. A sì mọ àwọn tí kò tíì parí ìjà náà títí di òní. Ṣùgbọ́n ẹni tí a fẹ́ kí ẹ rò pẹ̀lú wa ni Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá, pẹ̀lú awò ojú ràgàjì àti táì ńlá rẹ̀. Ní ọdún 1982 ni fíìmù rẹ̀ Ọ̀run Móoru jáde, lórí ọkùnrin kan tí ọrọ̀ ajé rẹ̀ dojú dé tí ó sì fẹ́ pa ara rẹ̀. Àwọn olè ṣe àdàkọ fíìmù náà, wọ́n tà á kiri kí owó tí ó ná sí i tó wọlé, Bàbá Sàlá sì wọ gbèsè tí ó wúwo. Nígbà tí ó kú ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, ibi gbogbo ni a ti ń tún àwọn àwàdà rẹ̀ sọ. Ẹ wo bí ọ̀nà ti là gbangba níbẹ̀! Ẹni tí ó pa gbogbo ilé lẹ́rìn-ín di onígbèsè. Ẹni tí òun pàápàá jẹ gbèsè, tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, lè jókòó níbi tí a gbé ń sọ èyí kí ó wí pé, "Báwo ni ó ṣe ń sùn ní òru nígbà náà?" Bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ ẹni tí ń fetí sílẹ̀, yóò mọ̀ pé kì í ṣe Bàbá Sàlá nìkan ni a ń bèèrè.

Ẹ jẹ́ kí a gbé àpẹẹrẹ kan kalẹ̀, kì í ṣe ti ẹnì kan pàtó. Ọkùnrin mẹ́ta jókòó ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀. Orin àwọn ọ̀dọ́ ń dún láti inú ẹ̀rọ. Ọ̀kan nínú wọn fa ojú ro, ó wí pé, "Orin ìwòyí, kò sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ariwo lásán ni."

Ẹnì kejì dá a lóhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni bàbá rẹ wí nígbà tí o ń gbọ́ Barrister." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èsì náà dára, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ó ti ilẹ̀kùn. Ẹnì kẹta wá bèèrè pé, "Ta ni ó ń gbọ́ irú rẹ̀ nínú ilé yín, Bàbá Ìbejì?"

"Táyé ni. Ó ti fi nǹkan di etí méjèèjì. Láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, bí kò ṣe 'ẹ káàárọ̀, sà,' kò tún bá mi sọ ọ̀rọ̀ kankan."

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ohun tí ọkùnrin náà fẹ́ sọ láti ìgbà tí ó ti jókòó ni èyí. Orin ni ó fi ṣe ọ̀pá ìtilẹ̀. Ìbéèrè ẹlẹ́ẹ̀kejì ni ó mú un jáde, ìbéèrè tí kò tóbi, tí kò sì fi ọgbọ́n hàn.

Ti ìròyìn ìlú rí bákan náà, ó tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ìbínú a máa bo ìtìjú mọ́lẹ̀. Ní ọdún 2016, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkìtì da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí gbèsè owó oṣù. A rántí bí àríyànjiyàn ti gbóná tó: ta ni ó jẹ̀bi, gómìnà ni, àbí Àbújá tí ń pín owó? Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a sọ ni. Ṣùgbọ́n ó rọrùn fún ọkùnrin láti bú ìjọba fún wákàtí méjì ju kí ó wí ní ìṣẹ́jú kan pé, "Owó àkàrà tí ìyàwó mi ń dín ni a fi ń jẹun." Nígbà tí a yọ ìrànwọ́ orí epo kúrò ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, a tún gbọ́ irú rẹ̀.

Ní ọjọ́ 29, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2024, àwọn agbébọn pa ọba méjì ní Èkìtì, Onímòjò ti Ìmòjò àti Elésùn ti Èsùn, bí wọ́n ti ń bọ̀ láti ìrìn àjò. Ní ọjọ́ kan náà ni wọ́n jí àwọn ọmọ ilé-ìwé gbé pẹ̀lú àwọn olùkọ́ wọn ní Ẹmùré, nínú ọkọ̀ tí ń gbé wọn lọ sí ilé. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ tí àwọn ọmọ náà fi padà dé. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, ibi tí ọkùnrin méjì bá ti pàdé, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ igbó àti ẹnubodè ni. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni pé ìgbìmọ̀ aṣòfin ni wọ́n. Ṣùgbọ́n nínú ọkàn olúkúlùkù baba, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó ń yípo: ta ni yóò gbé ọmọ tèmi ní ilé-ìwé ní ọ̀la? Àwọn tí ọ̀rẹ́ wọn gbọ́ ìbéèrè yìí lábẹ́ èkíní rí ohun kan ṣe. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń tètè parí lè wí fún ẹnì kejì pé, "Èmi yóò máa mú àwọn méjèèjì pọ̀." Ìjọba nìkan ni ó lè dá ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ sílẹ̀; gbígbé ọmọ ọ̀rẹ́ ẹni láti ilé-ìwé kò nílò òfin.

Ní Adó, irú ọ̀rọ̀ báyìí a sábà máa dé ọ̀dọ̀ Fájuyì. Ọmọ Adó ni Adékúnlé Fájuyì, tí a bí ní ọdún 1926, tí a sì pa pẹ̀lú àlejò rẹ̀, Aguiyi-Ironsi, ní ẹ̀yìn Ìbàdàn ní ọjọ́ 29, oṣù keje, ọdún 1966. Àwọn òpìtàn kò fi ẹnu kò lórí bí gbogbo rẹ̀ ti lọ, bóyá ó kọ̀ láti fi àlejò rẹ̀ sílẹ̀ ni tàbí wọ́n ti pinnu láti pa àwọn méjèèjì. Àwọn ọkùnrin ti ń jà lé e lórí láti ìgbà tí a ti dáyé mọ̀ wọ́n. Àwa ti ń fetí sí ìjà náà pẹ́, ó sì ti hàn sí wa pé kì í ṣe ìtàn nìkan ni wọ́n ń jà lé lórí. Ẹni tí ó ń pariwo jù lọ pé kò sí ẹni tí ó lè ṣe irú rẹ̀ mọ́ lónìí, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ó lè jẹ́ pé ó ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó jókòó tì í bóyá ẹnì kan wà nínú wọn tí yóò dúró ti òun.

A gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa èsì, nítorí pé kì í ṣe gbogbo èsì ni èsì. Òwe ni ẹṣin ọ̀rọ̀, a gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹṣin kan náà ni ènìyàn fi ń sá kúrò lójú ogun. Ọkùnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wí pé oorun kò kun òun mọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ dáhùn pé, "Ohun tí ó le yóò rọ̀," ó sì na ọwọ́ sí ọmọ ayò. Òwe náà kò ṣẹ̀, ó yára jù ni. "Ṣe bí ọkùnrin" burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé bí ọkùnrin ni ó ti ń ṣe láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, ohun tí ó sì ń pa á lára gan-an nìyẹn. Ẹlòmíràn wà tí a kò lè sọ ìyà kan níwájú rẹ̀ kí tirẹ̀ má jù ú lọ. Bí ẹsẹ̀ bá ń dùn ọ́, a ti gé tirẹ̀. Ní ti ẹni tí ń sọ gbogbo nǹkan di ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú, a kò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí rẹ̀.

Ìdí kan sì wà tí àwọn ọkùnrin fi ń dákẹ́, tí a kò gbọdọ̀ fojú kéré. Wọ́n ń bẹ̀rù pé ohun tí a sọ ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì yóò ti dé ìpàdé àwọn ìyá ìjọ kí ó tó di ọjọ́ Ìsinmi. Ó ń ṣẹlẹ̀. "Ènìyàn kò ṣeé finú hàn" kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a bí láti inú òfo. Ọgbẹ́ ni ó bí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sọ ọ́ di òfin fún gbogbo ènìyàn, asọ̀rọ̀mágbèsì nìkan ni yóò kù fún un láti bá gbé. A kò wí pé kí ọkùnrin tú àpò ìdí rẹ̀ sílẹ̀ lójú ọjà. Kò nílò mẹ́rin. Ẹnì kan tó. Kí ó sì ṣọ́ra níbì kan: ẹni tí ó ń ka àbùkù ìyàwó rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ kò sọ ọ̀rọ̀ ilé, ẹjọ́ ni ó ń rò, ẹni tí ó ń pè lẹ́jọ́ kò sì sí níbẹ̀. Kí ó sọ ohun tí ó ń ba òun lẹ́rù. Ìyẹn ni tirẹ̀ láti sọ.

Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù mẹ́ta ni a máa ń bú nínú ìwàásù. A gbàgbé pé ọjọ́ méje ni wọ́n fi jókòó tì í ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀ láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Èyí ni wọ́n ṣe dára jù lọ. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé ìyà rẹ̀ fún un ni wọ́n bà á jẹ́.

Bí ẹnì kan bá tún wí pé ọ̀rọ̀ àwọn aláìníṣẹ́ ni èyí, kí ó gbọ́ ohun tí àwọn onímọ̀ rí. Ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Harvard ní Amẹ́ríkà, a bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní ọdún 1938 lórí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin 268, a sì ń tọ̀ wọ́n lẹ́yìn títí wọ́n fi di arúgbó. A fi àwọn ọmọ tálákà ìlú Boston kún wọn pẹ̀lú. Àwọn tí inú wọn dùn jù lọ sí ìbáṣepọ̀ wọn pẹ̀lú ènìyàn nígbà tí wọ́n wà ní ẹni àádọ́ta ọdún ni ara wọn le jù lọ ní ẹni ọgọ́rin. Ìwọ̀n ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn ní àádọ́ta ọdún kò sọ àsọtẹ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé pẹ̀lú ti fi hàn pé ìwọ̀n àwọn ọkùnrin tí ń fi ọwọ́ ara wọn pa ara wọn ní ayé ju ìlọ́po méjì ti àwọn obìnrin lọ. Ìwádìí mìíràn wà tí ó wù wá gidigidi, èyí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2018. Ní ìlú Los Angeles, a mú àwọn apòògùn lọ sí ìsọ̀ àwọn onígbàjámọ̀ láti tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn ọkùnrin dúdú. Ìsọ̀ 52 àti ọkùnrin 319 ni ó kópa. Láàárín oṣù mẹ́fà, ìwọ̀n ti òkè nínú ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn tí a tọ́jú níbẹ̀ fi 27 lọ sílẹ̀. Ti àwọn tí onígbàjámọ̀ kàn gbà níyànjú pé kí wọ́n lọ rí dókítà fi bí 9 péré lọ sílẹ̀. Ibi tí ọkùnrin ti ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó ti gba ìwòsàn.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí yóò mú ẹ̀kọ́ yìí lọ sí kíláàsì àwọn ọkùnrin, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ nípa bíbèèrè pé, "Ta ni ó ní ìṣòro nínú ilé rẹ̀?" Ẹ óò gbọ́ bí àga ti ń dún. Ẹ bi wọ́n pé fíìmù wo ni wọ́n wò gbẹ̀yìn pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, bóyá Aníkúlápó ti ọdún 2022 tàbí Jagun Jagun ti ọdún 2023, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n jà díẹ̀ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ bi ẹni tí ó sọ̀rọ̀ kíkan jù lọ ní ìbéèrè ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Ohun kan kù. Ní ayé àwọn baba wa, bí àlejò bá dìde, ẹni tí ó gbà á yóò sìn ín sọ́nà. Níwájú gbogbo ènìyàn, ọ̀rọ̀ oko àti ọ̀rọ̀ ọba ni. Nígbà tí ó bá ku ẹni méjì lórí ọ̀nà, tí wọn kò kọjú sí ara wọn, tí wọ́n jọ ń wo iwájú, ni ẹnì kan yóò wí pé, "Ohun kan tilẹ̀ wà…" Ọ̀kadà àti ìbẹ̀rù òru ti gba èyí lọ́wọ́ wa ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Adó. Bí ó ti wù kí ó rí, ẹni tí ó bá ní ọkọ̀ lè gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, kí ó pa ẹ́ńjìnnì, kí ó pa rédíò náà, kí ó má sì ṣe tètè wí pé ó dàárọ̀.